Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi ní Houston, lórí ọ̀rọ̀ Ọlájùwọ́n

Bùrọ̀dá mi,

Lẹ́tà ilé-ìwé ọmọ mi ti dé. Texas ni wọ́n ti fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, nítorí básíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tí ẹ̀ ń pè ní Òpó láti kékeré, òun náà ni. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo gbé fóònù kí n pè yín, mo tún gbé e kalẹ̀, torí fọ́tò Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó tó di ìràwọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà, tí ẹ ya kúrò lára ògiri ní 1996 ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n ti 1994 bẹ̀rẹ̀, torí inú kò tíì bí mi sí yín nígbà yẹn, inú mi dùn sí yín ni. Ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ni Yẹkínì gbá bọ́ọ̀lù wọlé Bulgaria ní Dallas, tó di àwọ̀n mú tó ń ké. Mẹ́ta sí òdo. Ọjọ́ kejì, ní Texas kan náà, Ọlájùwọ́n àti ikọ̀ rẹ̀, Houston Rockets, gba ife ẹ̀yẹ NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, mọ́ New York Knicks lọ́wọ́, 90 sí 84. Ọjọ́ kẹta, wọ́n mú Abíọ́lá. Nínú ilé wa, a ò mọ̀ bóyá ká jó ni àbí ká sunkún. Ẹ̀yin lẹ gbé ìròyìn dé láti Rowe Park, pápá ìṣeré ní Yaba. Ẹ dúró sáàárín yàrá, ẹ ń ṣe bó ṣe na ọwọ́, tó fi orí ìka kan bọ́ọ̀lù Starks, agbábọ́ọ̀lù New York, nínú ìdíje kẹfà, èyí tó ṣáájú àṣekágbá. Ayò méjì péré ni Rockets fi ń ṣíwájú, àkókò ti tán. Ká ní bọ́ọ̀lù ayò mẹ́ta yẹn wọlé ni, New York ì bá ti gbé ife lọ. Ìyá wa ní, "Ṣé ọmọ àwọn tó ń ta sìmẹ́ńtì l'Ékòó yẹn ni?" Ẹ ní òun ni, bí ẹni pé inú ilé wa ni wọ́n bí i sí.

Ohun gbogbo tí mo fi kọ́ ọmọ mi, ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹ ní kì í ṣe gíga rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Gólì ló ń ṣe nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, hándíbọ́ọ̀lù ló ń gbá ní Muslim Teachers College, ó ti ń di géńdé kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní ẹsẹ̀ gólì ló wà nídìí Dream Shake, bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ àti èjìká tan alátakò jẹ, tó fi yí David Robinson ti San Antonio po ní 1995, lọ́dún tí wọ́n fi Robinson fúnra rẹ̀ ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù. Oṣù kejì ọdún yẹn, ó ń gbààwẹ̀ Rámàdáánì, òun náà ni wọ́n tún yàn ní agbábọ́ọ̀lù oṣù. Ìyẹn lẹ fi mú mi gbààwẹ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bọ́ọ̀lù 3,830 ló gbá dànù lọ́wọ́ alátakò, títí dòní kò sí ẹni tó tó o ní NBA. Ọmọ mi mọ iye yẹn lórí.

Lẹ́yìn náà ni 1996 dé. Ọlájùwọ́n ti gba ìwé ọmọ ìlú Amẹ́ríkà láti 1993, ó wá wọ aṣọ wọn lọ sí Òlíḿpíìkì ní Atlanta, ẹni tó ti wọ aṣọ Nàìjíríà rí kó tó kúrò nílé. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ, wọ́n gba góòlù. Ọjọ́ kan náà, ní ìpínlẹ̀ Georgia kan náà, Kanu àti àwọn ọmọ wa na Argentina 3 sí 2, àwọn náà gba góòlù. Gbogbo àdúgbò ń pariwo. Ẹ wọlé, ẹ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ ya fọ́tò Ọlájùwọ́n tí a fi sítáàṣì lẹ̀ sókè bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ní, "Kì í ṣe tiwa mọ́." Ògiri bó mọ́ ọn. Bàbá kò kun ibẹ̀ títí wọ́n fi kú.

Bùrọ̀dá mi, kí ló dé tí ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ ti wá ń gbé ìlú rẹ̀ báyìí. Nígbà tí Bàbá kú, ẹ ní ìwé yín kò tíì jáde, èmi nìkan ni mo dúró nídìí sàréè. Nígbà tí ìwé jáde, ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́, àsíá Amẹ́ríkà kékeré lọ́wọ́ yín, ẹ ń rẹ́rìn-ín. N kò bá yín jà. Ẹni tó bá rí ọ̀nà yóò rìn. Àmọ́ ẹ kò pè mí rí kí ẹ sọ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ti wá yé yín, ẹ sì mọ̀ pé èmi ni mo ṣa bébà yẹn nílẹ̀.

Ẹ wo àwọn obìnrin D'Tigress, ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí wọn sí, Rena Wakama tó ń kọ́ wọn náà bẹ́ẹ̀, aṣọ wa ni wọ́n sì wọ̀ lọ sí Paris ní 2024 tí wọ́n fi di ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ìpele ikọ̀ mẹ́jọ tó kù ní Òlíḿpíìkì. Wọ́n tún gba ife Áfíríkà ní 2025, ẹ̀karùn-ún léraléra. Ṣé tiwọn ni wọ́n àbí tiwa? Ọmọ mi ló bi mí. Ó ní bí òun bá pẹ́ níbẹ̀ ńkọ́, ṣé n ó ya fọ́tò òun náà? N kò rí èsì fún un.

Ẹ̀rù ń bà mí. Owó físà ti gbẹ́ mi, mo ti ta ilẹ̀ tí mo rà sí Ìbàfò, ríìmù tó fi ń gbára dì ti ṣẹ́, orí ìyókù rẹ̀ ló ń ju bọ́ọ̀lù sí. Lálẹ́, n kì í sùn. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé nígbà tí Ọlájùwọ́n dé Houston ní 1980, kò sẹ́ni tó wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀. Ó pe yunifásítì, wọ́n ní kó wọ takisí máa bọ̀.

Oṣù kẹjọ lọmọ mi ń bọ̀, bí físà bá jáde. Ẹ má jẹ́ kó wọ takisí. Ẹ lọ dúró dè é fúnra yín, ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Kí ẹ sì dáhùn ìbéèrè tó bi mí yẹn nínú ọkọ̀, torí ọ̀dọ̀ yín ló ti wá. Bí mo bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, n ó fi ọjọ́ àti aago ránṣẹ́.

Àbúrò yín