Owó ìwé iṣẹ́ Kánádà ni mo san, fọ́ọ̀mù àbẹ̀wò lẹ fi ránṣẹ́ sí mi

Ọ̀ffà, Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́ 17, oṣù Kọkànlá, 2025.

Sí Máníjà iléeṣẹ́ tó ń báni ṣètò ìwé àti lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun, Ìlọrin.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni wẹ́dà láti Ọ̀ffà tó wá sí ọ́fíìsì yín láàárín oṣù Kẹta ọdún yìí, tí arábìnrin tó jókòó síwájú ní kí n ṣí fìlà kó tó ya fọ́tò mi. Bí ẹ ò bá rántí ojú, ẹ ó rántí owó. ₦1,750,000 ni: ₦250,000 fún ìforúkọsílẹ̀, ₦1,500,000 fún ohun tí ẹ kọ sórí rìsíìtì pé "owó LMIA".

Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ LMIA tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ ṣàlàyé fún mi pé ìwé tí ilé-iṣẹ́ Kánádà ń gbà lọ́wọ́ ìjọba wọn ni, láti fi hàn pé àwọn wá òṣìṣẹ́ nílé àwọn ò rí, kí wọ́n tó mú ẹni òkèèrè. Òótọ́ lẹ sọ níbẹ̀. Èyí tí ẹ gbé mì ni pé agbanisíṣẹ́ ló ń san owó náà, 1,000 dọ́là Kánádà lórí òṣìṣẹ́ kan, òfin wọn ò sì gbà kó gba kọ́bọ̀ rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbà síṣẹ́. Ta ni mo wá san ₦1,500,000 fún? Títí di òní, ẹ ò tíì sọ orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan tó ní òun fẹ́ wẹ́dà.

Mo ta ẹ̀rọ wẹ́dà mi ńlá kí owó yín tó pé. Kékeré tó kù yìí, bí mo bá fi jó irin géètì fún ìgbà díẹ̀, ó di kí n jókòó tì í kó tutù, kí oníbàárà máa wò mí lójú. Ìyàwó mi bẹ àwọn alájọ rẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kó kó tirẹ̀ ṣáájú. Ó ṣì ń dá a lọ́wọ́ báyìí.

Oṣù Kẹsàn-án lẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sórí WhatsApp mi, pé kí n buwọ́ lù ú kíákíá. Àbúrò mi tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Gáà-Àkáńbí tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò tíì kà á dé ìdajì tó fi bírò gún nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀: IMM 5257. Ó ní ti ẹni tó fẹ́ lọ ṣàbẹ̀wò nìyẹn, pé IMM 1295 ni ti ẹni tó ń tọrọ ìyọ̀ǹda iṣẹ́ láti ìta. A jọ wò ó lójú òpó ìjọba Kánádà, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Níbi tí wọ́n ti bi mí pé kí ni mò ń lọ ṣe, ẹ kọ ọ́ pé mò ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n wo? Èmi ni dáwódù. Ewúrẹ́ ìyá mi nìkan ló ṣáájú mi dé ilé yẹn.

Mo pè yín. Ọ̀dọ́kùnrin tó gbé e ní, "Bọ̀dá, ẹ ṣáà wọlé ná, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ a máa yí i sí ti iṣẹ́." Lásìkò Kòrónà ni wọ́n ṣí àyè pé àlejò lè dúró sínú Kánádà kó tọrọ ìyọ̀ǹda iṣẹ́. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ 2024 ni wọ́n tì í. Ó ti lé ní oṣù mẹ́fà kí n tó ka owó sọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yẹn dùn mí ju owó lọ. Ẹni tí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ lọ́wọ́ nínú ìwé rẹ̀, ọdún 5 gbáko ni Kánádà ò ní gbà á wọlé. Orúkọ èmi nìkan ló wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn. Ẹ ò kọ tiyín síbì kankan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin lẹ gbowó láti ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Páásípọ́ọ̀tù mi tó wà lọ́wọ́ yín ni àkọ́kọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ buwọ́ lù ú pé ẹ ò tíì fi ìwé kankan ránṣẹ́ lórúkọ mi. ₦1,500,000 yẹn, kó pé pérépéré nínú àkáǹtì tó ti jáde wá, kó tó di ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá. Nínú ₦250,000, ẹ yọ owó fọ́tò àti ohun tí ẹ bá ṣe lóòótọ́, kí ẹ kọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí n rí i.

Ìjàkadì l'orò Ọ̀ffà, àmọ́ kì í ṣe irú èyí. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, rìsíìtì, fọ́ọ̀mù àti ohùn yín tó wà lórí fóònù mi yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, yóò sì dé iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́, àwọn tó ń fún àwọn tó ń wáṣẹ́ òkèèrè fún èèyàn ní láísẹ́ǹsì. Wọn yóò béèrè tiyín.

Ọjọ́rú ni mo máa ń wá ra irin ní Ìlọrin. Bí páásípọ́ọ̀tù bá ti wà nílẹ̀, ẹ fi síkàáwọ́ arábìnrin iwájú yẹn, màá yà gbà á kí n tó lọ wọkọ̀ ní Gáréèjì Ọ̀ffà.

Èmi ni,
Oníbàárà yín, wẹ́dà ará Ọ̀ffà.