Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn tẹ ṣẹ́ẹ̀tì ìntáháòsì wọn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ṣẹ́ẹ̀tì títẹ̀ ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun ní apá Òwódé ní ìlú Ọ̀yọ́, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Bí sáà kejì bá ti wọlé, àwọn ilé ìwé ló máa ń gbé iṣẹ́ wá jù, torí sáà yẹn ni wọ́n ń ṣe ìntáháòsì. Ṣẹ́ẹ̀tì fún Háòsì Pupa, ṣẹ́ẹ̀tì fún Háòsì Búlúù, fìlà fún àwọn tíṣà, báńnà tí wọ́n máa ta sẹ́nu géètì, bájì fún àwọn àlejò pàtàkì. Owó tí mo fi ń rán àwọn ọmọ tèmi ní ilé ìwé wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí mo fẹ́ fi ìwé ìròyìn yín bẹ àwọn ọ̀gá ilé ìwé ni pé kí wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, kí wọ́n gbé e fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ Basic Technology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa irinṣẹ́ àti ẹ̀rọ.

Ohun tí ojú mi rí ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tíṣà ọ̀dọ́ kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní àwọn ọmọ JSS 2 òun ti kọ nóòtì nípa irinṣẹ́ títí ìwé fi kún, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì di òòlù mú rí. Ọ̀gá àgbà wọn ti fún un ní owó ṣẹ́ẹ̀tì Háòsì Yẹ́lò nìkan, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má tẹ̀ ẹ́, kí n kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n á ṣe tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n jáde ilé ìwé lọ́jọ́ kejì, ọmọ 14 ló tẹ̀ lé e wá.

Ọmọbìnrin kan ti ya àwòrán wá láti ilé. Ẹlẹ́ṣin kan ló ń sáré, oòrùn ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, igi ọ̀pẹ wà lápá ọ̀tún, kíní kan tó dà bí òṣùmàrè sì dábùú gbogbo rẹ̀. Àwọ̀ mẹ́sàn-án ló fi kùn ún. Ó dùn ún wò lórí ìwé. Mo bi í pé, "Ọmọ mi, férémù mélòó lo rò pé a máa kàn?" Kò yé e. Mo gbé férémù kan sílẹ̀, mo ní kí wọ́n fọwọ́ pa aṣọ tó wà lójú rẹ̀, tí ihò rẹ̀ wẹ́ ju ti asẹ́ ògì lọ. Mo ṣàlàyé fún wọn pé inú ihò yẹn ni íńkì ń gbà bọ́ sára ṣẹ́ẹ̀tì, àti pé àwọ̀ kan, férémù kan ni. Ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ mẹ́sàn-án á kan férémù mẹ́sàn-án, á tẹ ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, bí ẹyọ kan bá sì fi bí orí abẹ́rẹ́ yẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọmọ náà dákẹ́, ó ń wo àwòrán rẹ̀. Ó mú írésà. Òṣùmàrè kọ́kọ́ lọ, ọ̀pẹ tẹ̀ lé e. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi ṣú, ẹlẹ́ṣin nìkan ló kù, dúdú lórí yẹ́lò, ẹsẹ̀ ẹṣin méjèèjì iwájú sì wà lókè. Nínú gbogbo ohun tí mo tẹ̀ lọ́dún yẹn, mi ò rí èyí tó dára tó o.

Kẹ́míkà tí a ń fi sójú férémù kó tó di pé a gbé e sí oòrùn kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fọwọ́ kàn, nítorí náà páálí la fi ṣe apá tó kù. Ọmọkùnrin kan gba iṣẹ́ lẹ́tà. Ó gé Ọ̀YỌ́ gàdàgbà sínú páálí, bó sì ṣe gbé e sókè báyìí, inú Ọ méjèèjì já bọ́ sílẹ̀, ihò róbótó méjì ló ṣẹ́ kù. Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Mi ò sọ nǹkan kan. Ó mú páálí mìíràn, ó ronú díẹ̀, ó wá fi ìlà páálí tín-ín-rín méjì sílẹ̀ tó so inú Ọ mọ́ ara rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ́ igi kọjá lórí odò kékeré. Ẹnu iṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá tí mo sìn, ni èmi ti kọ́ ọgbọ́n yẹn. Ọmọ yìí fúnra rẹ̀ ló rí i, kò sì pẹ́ rárá. Ó tún bi mí bóyá kí òun yọ àmì abẹ́ lẹ́tà kúrò kí iṣẹ́ lè yá. Mo ní kò gbọdọ̀ yọ ọ́.

Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́fà bàjẹ́ kí ọwọ́ wọn tó balẹ̀. Ọmọ kan bèèrè pé, ta ló máa san owó mẹ́fà yẹn? Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti ń tajà tipẹ́ kì í bi ara wọn. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ro owó ṣẹ́ẹ̀tì, owó íńkì, owó iná tí a fi lọ̀ ọ́ kó má baà ṣí nígbà ìfọṣọ, wọ́n pín owó àwọn tó bàjẹ́ sórí àwọn tó dára, wọ́n wá mọ iye tí wọ́n máa tà á. Lọ́jọ́ ìntáháòsì, àwọn òbí ra èyí tó ṣẹ́ kù lórí pápá kí wọ́n tó sáré ọ̀pá parí.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí orí wọn ò pé ní kíláàsì lèyí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kọ́ríkúlọ́ọ̀mù tí wọ́n tún ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 2014, abẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Basic Science and Technology, ni wọ́n kó sáyẹ́ǹsì, tẹkinọ́lọ́jì, kọ̀ǹpútà àti eré ìdárayá sí. Ibo ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti lè pàdé tó ọjọ́ ìntáháòsì? Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé tí mo mọ̀, tíṣà eré ìdárayá á máa kọ́ wọn ní mááṣì-páàsì lórí pápá, tíṣà tẹkinọ́lọ́jì á máa ya férémù sójú bọ́ọ̀dù kí wọ́n dà á kọ, ọ̀gá àgbà á sì máa bá èmi dúnàádúrà owó nínú ọ́fíìsì.

Mo mọ ibi tí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń parí sí. Ìgbà tí ètò 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní JSS, mẹ́ta ní SSS, mẹ́rin ní yunifásítì) bẹ̀rẹ̀ ní 1982, tí wọ́n mú Intro Tech, ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nípa ẹ̀rọ àti irinṣẹ́, wọlé, ìjọba kó ẹ̀rọ wá láti òkè òkun fún àwọn ilé ìwé káàkiri Nàìjíríà. Ní ilé ìwé tí mo lọ, inú àpótí igi ni tiwa wà. A máa ń jókòó lé e jẹ ẹ̀wà nígbà ìsinmi ọ̀sán. Mo jáde, a ò tíì ṣí i. Páálí, abẹ àti íńkì kò nílò iná mànàmáná, kò sì sí ẹni tó máa tì wọ́n mọ́ inú àpótí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ohun àjèjì ni. Àwọn ará Abẹ́òkúta ti ń gé páànù ní oríṣiríṣi àrà tipẹ́, wọ́n ń fi í tẹ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró, torí ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní í mú un. Ní 1935 tí wọ́n ń ṣe àjọyọ̀ ọdún karùndínlọ́gbọ̀n George Karùn-ún, ọba Gẹ̀ẹ́sì, lórí oyè, àwọn aláró wa gbé ọba àti olorì sára àdìrẹ, èyí tí à ń pè ní Olọ́ba. Ohun ìrántí ayẹyẹ ni, bí ike àti abọ́ tí wọ́n ń pín fún wa ní òde lónìí, àmọ́ àwọn tó ṣe é ló ronú kan àwòrán rẹ̀.

Tíṣà tí mo sọ yẹn ò pẹ́ níbẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ibòmíràn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ìwé náà ra gbogbo nǹkan ní rírà. Ọmọ aládùúgbò mi gba ipò kejì nínú eré 200 mítà, ó mú mẹ́dàlì rẹ̀ wá kí n bá a fi góòmù lẹ̀ ẹ́. Ojú mẹ́dàlì náà ti ń ṣí kí sáà tó parí. Òyìnbó kan ló wà níbẹ̀ tó ń sáré, kò sí orúkọ ilé ìwé, kò sí orúkọ ìlú, kò sí ọdún. Ìyẹn ní Ọ̀yọ́, ìlú tí iṣẹ́ awọ àti igbá fínfín ti lókìkí káàkiri! Inú bí mi débi pé mo lọ bá àgbàlagbà kan tó ń fín igbá. Mo bi í bóyá èèyàn lè gé àfọ́kù igbá ní róbótó, kí ó lu ú, kí ó fín orúkọ háòsì sí i, kí ó fi okùn awọ so ó mọ́ ọrùn. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó nawọ́ sí àwọn àfọ́kù tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ní kí n ní kí àwọn ọmọ wá kó o, ọ̀fẹ́ ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ọ̀gá àgbà fi háòsì kan péré sílẹ̀ fún àwọn ọmọ lọ́dún àkọ́kọ́, kí ó sì sọ fún wọn láti ìparí sáà kìn-ín-ní, kí àyè lè wà fún wọn láti ya á, kí wọ́n bà á jẹ́, kí wọ́n tún un ṣe. Kí tíṣà má ṣe ya á fún wọn. Bí wọ́n bá fi àmì iléeṣẹ́ bàtà ńlá òkè òkun sára ṣẹ́ẹ̀tì, bí àwọn tèmi ṣe kọ́kọ́ fẹ́ ṣe, kí ó sọ fún wọn pé oníǹkan ló ni ín, kí wọ́n wá tiwọn.

Férémù mẹ́rin tí mi ò lò mọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ti fọ̀ wọ́n, mo sì ti fi aṣọ tuntun sí méjì nínú wọn. Tíṣà tó bá fẹ́ kí ó wá kó wọn. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ọwọ́ mi máa ń dilẹ̀, kí ó mú àwọn ọmọ rẹ̀ dání.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atẹ̀ṣẹ́ẹ̀tì kan,
Òwódé, Ọ̀yọ́.