Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: Office tuntun tí a fẹ́ rà, àti ti àtijọ́ tí a kò ní jù nù

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àdúrótì.

Látìgbà tí ẹ ti gbọ́ pé a fẹ́ pààrọ̀ Office, ìyẹn àkójọ ètò kọ̀ǹpútà ti Microsoft tí a fi ń taípù, ìbéèrè kan ni ẹ ń bi wá: ṣé owó taípù máa gbẹ́nu sókè ni? Rárá o. Iye tí ẹ ń san tẹ́lẹ̀ náà ni.

Office 2016 la fi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Fájuyì yìí. Microsoft ṣíwọ́ àtúnṣe lórí rẹ̀ ní 14 oṣù kẹwàá, 2025. Kò kú o. Ó ṣì ń ṣí, ó ṣì ń taípù. Ṣùgbọ́n bí àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí ihò tuntun lára rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò bá wa dí i mọ́. Fún ẹni tó ń fi kọ lẹ́tà nílé, ìyẹn lè máà jẹ́ bàbàrà. Tiwa yàtọ̀: fláàṣì tó ń wọlé sọ́dọ̀ wa láàárọ̀ Mọ́ńdè, a kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé ẹ̀rí àti CV yín wà nínú kọ̀ǹpútà kan náà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti Ìwòròkò wá, tiyín tún wà níbẹ̀. Láti 2007 ni Word, apá Office tí a fi ń kọ̀wé, ti ń fi Calibri kọ̀wé bí èèyàn kò bá yan fọ́ńtì, ìyẹn irú lẹ́tà. Èyí tó tuntun ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, Aptos ló ń lò, kò sì sí Aptos lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ bá taípù próòjẹ́ẹ̀tì lórí láptọ́ọ̀pù ọ̀rẹ́ yín, tí ẹ gbé e dé, Word wa á fi fọ́ńtì mìíràn dípò rẹ̀, ìlà á máa ṣí láti ojú ewé kan bọ́ sí òmíràn, Chapter Three tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní 41 á lọ sí 43, table of contents á ṣì máa pe 41. Súpáfáísọ̀ kò ní bi Word, ẹ̀yin ni yóò bi. Ní báyìí ná, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di Times New Roman kí ẹ tó gbé e wá.

Kí ló wá dé tí a kò pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Publisher ni, ètò mìíràn tó bá Office 2016 wa wá. Òun la fi ṣe ọ̀pọ̀ ìwé ètò ìsìnkú àti ìwúyè yín. Kò sí Publisher nínú Office 2024, Microsoft sì ti kéde pé oṣù kẹwàá 2026 ni òun yóò pa á tì pátápátá. Bẹ́ẹ̀, ẹbí tó sin bàbá lọ́dún kan máa ń padà wá fún ìrántí: fọ́tò kan náà, oríkì kan náà, kí a ṣáà yí déètì padà. A dán LibreOffice wò, ètò mìíràn tó jọ Office, tí kò gba kọ́bọ̀. Ó ṣí fáìlì náà lóòótọ́, àmọ́ orúkọ àwọn ọmọ olóògbé gun orí fọ́tò, ti àkọ́bí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ létí ìwé. Ta ni yóò gbé ìyẹn lọ fún olórí ẹbí?

Nítorí náà, kọ̀ǹpútà iwájú, tó ti wà lórí Windows 11, ló máa gba Office 2024. A ó rà á pa, owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àtúnṣe rẹ̀ ń bọ̀ títí di oṣù kẹwàá 2029. A kò mú Microsoft 365 tó jẹ́ sísan lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún, torí oṣù tí iṣẹ́ bá dá, owó yẹn kò ní dá. Àwọn kan ní ká lọ gba kíráàkì, ìyẹn Office tí wọ́n já ṣí láìsanwó. Kòkòrò tí a ń sá fún gan-an ló sábà ń bá a wọlé.

Kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn yóò ṣì máa lo 2016 àti Publisher, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, láìgba fláàṣì oníbàárà kankan. Bí ìwé ètò yín bá wà lọ́dọ̀ wa, ẹ yà wá kí a sọ ọ́ di PDF fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa tún un lò, ẹ sọ, torí PDF kò rọrùn láti tún ṣe. A ó kúkú tún un tò sínú Word.

Màmá kan béèrè bóyá tuntun yìí á máa fàmì sórí oríkì fúnra rẹ̀. Kò ní ṣe é, mà. Ọwọ́ la ó ṣì máa fi fi í sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ kó hàn kedere.

Lọ́jọ́ tí a bá ń gbé e wọlé, iṣẹ́ máa falẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, ẹ pè wá kí ẹ tó gbéra.

Èmi ni tiyín,
Onítaípù yín ní Fájuyì, Adó-Èkìtì