Lẹ́tà sí Bọ́sẹ̀ láti inú oko ìrèké

Bọ́sẹ̀ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni, ṣé àwọn ọmọ wà? Bàbá Tóbi ńkọ́, orúnkún yẹn ńkọ́? Mo mọ̀ pé inú ti ń bí ẹ, voice note mẹ́rin lo ti fi ránṣẹ́ tí mi ò fèsì, jọ̀ọ́ má bínú, ibi tí mo wà yìí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí àfi téèyàn bá rìn dé ẹ̀gbẹ́ ojú irin tí wọ́n fi ń kó ìrèké, kó wá na fóònù sókè kó máa yí kiri. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí n kúkú tẹ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ yìí, tá a bá ti dé ìgboro lọ́la á wọlé sí ẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Jókòó kà á o, ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú mi.

Dominican Republic ni mo wà, erékùṣù tí àwọn àti Haiti jọ pín. Àwa mẹ́sàn-án la wá láti Amẹ́ríkà, gbogbo wa chiropractor, àwa tá à ń fọwọ́ to eegun ẹ̀yìn, oníkálukú ló sanwó ọkọ̀ òfurufú ara ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan péré, a ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. San Pedro de Macorís la sùn sí lálẹ́ ọjọ́ tá a dé, ìlú etíkun ni, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ti gbé wa wọ inú ìrèké. Bọ́sẹ̀, ìrèké! Ọ̀tún ìrèké, òsì ìrèké, o ò ní rí nǹkan mìíràn. Àárín ẹ̀ ni àwọn abúlé kéékèèké kan wà tí wọ́n ń pè ní batey, ibẹ̀ làwọn tó ń gé ìrèké ń gbé, ọmọ Haiti lọ̀pọ̀ nínú wọn, tàbí kí bàbá wọn jẹ́ ọmọ Haiti. Iná ò sí níbi tá a wà, omi náà, ọkọ̀ ló ń gbé e wá.

Ó yẹ kó o rí bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ yẹn. Àdá lọ́wọ́ ọ̀tún, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, gé e nídìí, nàró díẹ̀, ha ewé ẹ̀ kúrò, bẹ́ orí ẹ̀, jù ú sẹ́yìn, tún bẹ̀rẹ̀. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bó o bá ṣe gé tó, bó ṣe wọ̀n tó lórí ìwọ̀n, lo ṣe máa gbowó tó, torí náà kò sẹ́ni tó ń sinmi torí pé ẹ̀yìn ń ro ó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fàtàǹpàkò wá ọ̀pá ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn, iṣan apá ọ̀tún ẹ̀ nípọn, ó le, ó yọ síta bí okùn kànga, ti apá òsì kàn wà ńbẹ̀ jẹ́ẹ́. Mo gba ọwọ́ ẹ̀ wò, ó le bí ẹ̀yìn ahun.

Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ti ń tò síta dè wá, ìyá àgbà, aláboyún, ọmọdé tó kàn fẹ́ gbọ́ kí eegun dún. Ilé ìjọsìn kan báyìí tí wọ́n fi páànù kàn la tẹ́ àwọn tábìlì wa sí. Kí n tó fọwọ́ sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn, mo gbọ́dọ̀ sọ fún un ní Kreyòl, èdè àwọn ará Haiti, pé «lage kò w», bí ìgbà téèyàn ní kó o tú ara sílẹ̀. Ìyá arúgbó kan ló gbá ọwọ́ mi mú kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú mi dáadáa, ó ní èmi náà, lage kò w. Mi ò mọ ohun tó rí lójú mi. Mo dúró, mo mí kanlẹ̀, kí n tó lè tẹ̀ síwájú.

Mi ò tíì sọ ti àkàrà fún ẹ! Ọjọ́ kejì obìnrin kan gbé nǹkan díndín wá fún wa nínú abọ́, ó ní «akra». Mo pariwo, gbogbo wọn yíjú. Kókò ni wọ́n ń rin ṣe é o, kì í ṣe ẹ̀wà, ṣùgbọ́n ata wà ńbẹ̀, ó gbóná, ó ń ta sánsán, mo jẹ mẹ́fà. Nínú yàrá ọkùnrin kan tá a lọ wò nílé, aṣọ pupa ló so mọ́ ògiri, ó gbé àdá síwájú ẹ̀, mo bi í pé kí ni, ó ní Ogou. O mọ Màámi tí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Ògún nínú ilé, èmi wá débí wá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ò mọ ọ̀nà Ìrè rí.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ ń kọ̀wé wá nìyí. Ọjọ́ kẹta, nǹkan bí aago mọ́kànlá, àwọn ọmọkùnrin méjì gbé bàbá wọn wọlé, wọ́n fi èjìká gbé e ni. Ó ní ẹ̀yìn ló ń dun òun. Ogún ọdún ó lé ló ti ń gé ìrèké. Mo ní kó gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè, kò lè gbé e. Mo fọwọ́ kan inú itan ẹ̀, mo ní ṣé ó mọ̀ ọ́n lára, ó ní rárá, mo fọwọ́ kan ìkejì, rárá. Mo wá ní kí ọmọbìnrin tó ń ṣe ògbufọ̀ bi í bóyá ó ń tọ̀ dáadáa. Bàbá yẹn wo ilẹ̀, ó pẹ́ kó tó dáhùn, ó ní ó ti di ọjọ́ kejì tó ti há.

Bọ́sẹ̀, ara mi tutù. Mo mú ọwọ́ mi kúrò lára ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn níbẹ̀, àwọn nerve tó ń ṣàkóso ẹsẹ̀ àti ìtọ̀ àti ìgbẹ́ pọ̀ níbẹ̀ bí irun ìrù ẹṣin, tí nǹkan bá ti tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, iṣẹ́ abẹ kíákíá ni, wákàtí là ń kà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Téèyàn bá pẹ́, ó lè má rìn mọ́, ó lè má lè dá ìtọ̀ dúró mọ́ títí ayé. Kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fọwọ́ tò. Ọ̀kan nínú àwa mẹ́sàn-án ní òun ìbá gbìyànjú díẹ̀, a fa ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, ohùn mi lọ sókè. Gbogbo wa la mọ ìtàn 1895, bí Palmer, ẹni tó dá iṣẹ́ wa yìí sílẹ̀, ṣe fọwọ́ kan ẹ̀yìn Harvey Lillard, ọkùnrin adúláwọ̀ tó ń gbálẹ̀ ilé kan ní Davenport, tí wọ́n ní etí ẹ̀ tó ti di wá là. Davenport yẹn náà ni mo ti kàwé, mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi, o mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti fi ìtàn yẹn ṣe ẹ̀rí pé kò sí nǹkan tí ọwọ́ ò lè ṣe, ìyẹn ló ń bí mi nínú.

Ilé ìwòsàn ló kàn, bàbá yẹn bá ní òun ò lọ. Ṣó o rí i, láti April 21, 2025, ìjọba wọn ti ní kí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba máa bèèrè ìwé lọ́wọ́ àwọn àjèjì, ìwé ìdánimọ̀, ìwé iṣẹ́, ìwé ibi tó ń gbé, ẹni tí ò bá ní, wọ́n á tọ́jú ẹ̀ tán, wọ́n á dá a padà sí Haiti. Bàbá ò ní ìwé kankan. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí gan-an ò ní, torí 2013 ni ilé ẹjọ́ wọn ti dájọ́ pé ẹni tí òbí ẹ̀ ò ní ìwé ìgbé-ìlú kì í ṣe ọmọ ìlú, wọ́n tún da ìdájọ́ yẹn padà sẹ́yìn dé 1929. Àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n dàgbà síbẹ̀, tí ò gbé ibòmíràn rí! Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kú sínú ilé òun. Láti ọ̀sán la ti ń bẹ̀ ẹ́, nọ́ọ̀sì ọmọ ìlú ibẹ̀ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ kúnlẹ̀ fún un, kò dá a lóhùn. Ìyàwó ẹ̀ ló wá dé láti oko, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn ká aṣọ ẹ̀ méjì sínú àpò láílọ́ọ̀nù, ó gbé e lé e lórí itan. Ó dìde.

Bọ́ọ̀sì wa la fi gbé e lọ. Wọ́n gbà á, wọ́n fi àga onítáyà tì í wọlé, nọ́ọ̀sì wa bá a wọlé. Ọmọ ẹ̀ àgbà ò sọ̀ kalẹ̀. Ilẹ̀ bọ́ọ̀sì ló dùbúlẹ̀ sí láàárín àwọn àga, ó bo orí mọ́lẹ̀, títí a fi kúrò ní gbogbo àdúgbò yẹn. Àná nìyẹn. Mo ti pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta látẹ̀ẹ̀kan, wọ́n ní ẹbí nìkan làwọn lè bá sọ̀rọ̀.

Mi ò lè parọ́ fún ẹ, Bọ́sẹ̀. Sátidé la máa lọ, ọjọ́ Ajé gbogbo àwọn tá a tò lẹ́yìn máa padà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí ìrèké. Ara á tù wọ́n fún ọjọ́ mélòó kan. Ohun tó tẹ́ mi lọ́rùn ni àwọn obìnrin méjì tó ń bójú tó ìlera ní batey, mo ti kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n á máa bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀yìn ń ro, kí wọ́n lè mọ èyí tí ò gbọdọ̀ sùn sílé.

Kẹ́hìndé ti bí ọkùnrin, mo ti bá wọn yọ̀ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn, má dá Ṣẹ́gun lóhùn o, jẹ́ kí n padà dé ilé ná.

Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan. Sunday tó kọjá kí n tó kúrò ní Amẹ́ríkà, mo bá Màámi sọ̀rọ̀, ó ní ẹ̀yìn tún ti bẹ̀rẹ̀, pé ẹsẹ̀ òun méjèèjì máa ń kú tipiri tóun bá jókòó sídìí èlùbọ́ pẹ́, pé bàbá kan tó ń to eegun ní Ìlobùú ń bá òun fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo ní ṣé ó ń tọ̀ dáadáa, ó ní dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó yára dáhùn jù, o sì mọ Màámi. Mi ò tíì kà á sí nígbà yẹn. Àtàná ni mi ò ti lè sùn.

Jọ̀ọ́, lọ sí Ìlobùú fún mi lọ́la, má dúró de òpin ọ̀sẹ̀. Sọ pé èlùbọ́ lo wá rà. Ṣe é kí ẹ̀yin méjèèjì nìkan kù nínú yàrá, bi í bó o ṣe bi mí lọ́jọ́ Òkè-Fìà yẹn, tí ò fi ìtìjú bò ó. Ṣé ìtọ̀ ń há? Ṣé ó ń jáde láìmọ̀? Tó bá nu ìdí, ṣé ibẹ̀ ti kú tipiri tí kò mọ̀ ọ́n lára? Ṣé ẹsẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀? Tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan péré, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Òṣogbo lọ́jọ́ náà, alẹ́ ni o, ọ̀sán ni o. Kódà tí gbogbo ẹ̀ bá jẹ́ rárá, sọ fún un kí bàbá yẹn má tẹ ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́. Mo ti fi owó sínú àkáǹtì ẹ, má bi mí pé èló.

Ọdún keje rèé tí mi ò délé. Mo ti fọwọ́ kan ẹ̀yìn àjèjì tí mi ò lè ka iye ẹ̀, ẹ̀yìn tó fi pọ̀n mí ni mi ò rí tò. Bá mi fọwọ́ kàn án tó o bá dé ibẹ̀, jẹ́jẹ́ o, má tẹ̀ ẹ́.

Tó o bá ti kúrò ńbẹ̀, pè mí, bó ti wù kí ilẹ̀ ṣú tó. Mo máa lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin.

Èmi ni tìẹ,
Dúpẹ́