Lẹ́tà sí Àkànní nípa támbórìn Màmá Ìbejì

Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Àkànní, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo gbọ́ pé òtútù ti bẹ̀rẹ̀ ní Kánádà níbẹ̀. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ yín. Ní tiwa, àlàáfíà ni a wà: àbúrò mi obìnrin ti sọ̀ layọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti wọ yunifásítì tí ó jẹ́ Poli nígbà tiwa, ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀ sì wà bí o ṣe mọ̀ ọ́n. N kò ní fi ìròyìn wọ̀nyẹn fa lẹ́tà yìí gùn, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí n kò lè bá ẹnikẹ́ni sọ nínú ìjọ, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, Màmá Ìbejì, sì ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ọ̀gá akọrin ní kí n so támbórìn mọ́ ìlù òyìnbó tí mo ń lù ní ìjọ. Ohun tí ó sọ ni pé láti ìgbà tí a ti kó wọ inú gbọ̀ngán tuntun, tí a sì ti fi máíìkì sí iwájú akọrin, támbórìn àwọn ìyá máa ń sáré ṣíwájú ìlù, àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn kò sì mọ èyí tí àwọn yóò tẹ̀lé. Ó fẹ́ kí támbórìn kan wà lábẹ́ ọ̀pá ìlù mi kí orin lè máa rìn ní ìrìn kan ṣoṣo. N kò bá a jiyàn, nítorí pé òótọ́ wà nínú ohun tí ó sọ, mo sì fẹ́ràn ìró náà láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n kí n tó rí ààyè bá Màmá Ìbejì sọ̀rọ̀, ẹnìkan ti lọ bá wọn ní ìsọ̀ wọn, ó sì ti sọ fún wọn pé ìjọ ti ra ẹ̀rọ tí yóò máa gbá támbórìn. Láti ìgbà náà ni Màmá kò ti wá sí ìgbáradì Ọjọ́bọ̀ mọ́. Bí ó bá di ọjọ́ Ìsinmi, àárín àwọn ìyá ìjọ ni wọ́n máa ń jókòó sí, támbórìn wọn a sì wà nínú àpò, lórí itan wọn, títí a ó fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ìwọ tí o wà níbẹ̀ ní ọjọ́ ìkórè tí iná lọ, o mọ ohun tí èyí jẹ́ lójú mi.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé bí nǹkan náà ṣe rí, nítorí ìwọ ni o jókòó lórí àga onílù kí n tó jókòó sí i. Támbórìn tí a rà kì í ṣe irú èyí tí Màmá ń gbá mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ó rí bí òṣùpá tí kò tíì kún, kò ní awọ lójú, ike líle ni wọ́n sì fi ṣe é, nítorí pé èyí tí a fi igi ṣe kì í pẹ́ là bí ènìyàn bá ń fi ọ̀pá ìlù lù ú. Ẹnu irin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ń di ọ̀pá irin 9.5 mm mú, ọwọ́ lásán ni a sì fi ń yí ìdè rẹ̀ tí yóò fi fún.

Ibi tí a ó so ó mọ́ gan-an ni ó gba àròjinlẹ̀. Àwọn kan ní kí n dè é mọ́ etí ìlù ńlá tí a ń fi ẹsẹ̀ lù, níbi tí agogo wà nígbà tìrẹ. Mo kọ̀, nítorí ìlù yẹn máa ń gbọ̀n ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá bà á, ṣaworo yóò sì máa dún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lù ú, máíìkì tí ó wà nínú ìlù ńlá yóò sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ sínú sípíkà. N kò so ó mọ́ ẹsẹ̀ crash, àwo ńlá tí a ń fi ọ̀pá lù, pẹ̀lú, torí pé bí mo bá ti lu crash, ọ̀pá rẹ̀ a máa mì síwá sẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ hi-hat, àwo méjì tí a ń fi ẹsẹ̀ pa pọ̀, ni mo yàn, ní ọwọ́ òsì mi, kí ó ga ju hi-hat lọ díẹ̀, kí ó sì dagun sí ọ̀dọ̀ mi, tí ó fi jẹ́ pé n kò ní láti yí ara kí ọwọ́ mi tó tó o. Wẹ́dà kan ní Sábó gé ọ̀pá irin náà fún mi, mo sì fi rọ́bà sí ojú ibi tí irin ti kan irin. Ọrùn ọ̀pá ìlù ni mo fi ń lù ú, n kì í lo orí rẹ̀, nítorí orí ọ̀pá kì í pẹ́ bó lára ike náà.

Ohun kan ṣoṣo ni n kò fẹ́ràn lára rẹ̀: irin ni wọ́n fi ṣe ṣaworo rẹ̀, ìró irin sì mú púpọ̀. Nínú gbọ̀ngán olórùlé páànù tí ògiri rẹ̀ kò ní aṣọ kankan lára, ìró bẹ́ẹ̀ máa ń gún ènìyàn létí. Ìró idẹ rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, abẹ́ ohùn àwọn akọrin ni ó sì máa ń gbà. Ṣé o rí i pé idẹ ni Màmá ń lò láti ọjọ́ tí a ti mọ̀ wọ́n?

Ẹ̀rù tí ó ń ba Màmá kì í ṣe ẹ̀rù lásán, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ pé mo gbà bẹ́ẹ̀. Kí William F. Ludwig, onílù kan, tó ṣe pẹ́dà tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti lu ìlù ńlá kíákíá, ní Chicago ní 1909, ó wọ́pọ̀ kí ẹnìkan máa lu ìlù ńlá, kí ẹlòmíràn sì máa lu ìlù kékeré tí a ń pè ní snare. Nígbà tí irú pẹ́dà bẹ́ẹ̀ tàn kálẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ẹnìkejì sì wá ibòmíràn gbà. Bẹ́ẹ̀ ni ìlù òyìnbó ṣe kó sọ́wọ́ ẹnìkan. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti so ṣaworo mọ́ etí ìyá-ìlù dùndún láti ayébáyé, a kò sì gbọ́ pé ẹlẹ́ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tìtorí rẹ̀ padà sílé. Ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Bí ti Màmá náà ṣe rí nìyẹn. Támbórìn tí a dè mọ́ irin, lílù nìkan ni a lè lù ú. Kò ṣeé mì. Kò ṣeé gbé sókè nígbà tí orin bá ń ru, kò sì ní awọ tí ènìyàn lè fi àtàǹpàkò wọ́ kí ṣaworo lè máa kígbe láìdánudúró, bí Màmá ti máa ń ṣe ní òpin orin ìdúpẹ́, tí gbogbo ìjọ yóò fi dìde kí olùdarí tó ní kí wọ́n dìde. Iṣẹ́ tí ọ̀gá akọrin fẹ́ kí èmi ṣe ni kí n pa ìrìn orin mọ́. Iṣẹ́ tí Màmá ń ṣe ni kí wọ́n gbé orin náà dìde. Mo ti sọ èyí fún ọ̀gá akọrin, ó sì gbà. Màmá ni kò tíì gbọ́ ọ, nítorí wọn kì í jẹ́ kí n dé ibi ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n tó kí mi pé ó dàárọ̀.

Àkànní, ohun mìíràn tún wà tí ó ń já mi láyà. Mo rò pé èjìká ń dun Màmá. Mo rí i kí ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀ pé wọ́n ti ń gbé támbórìn sí ọwọ́ òsì láàárín orin, ọmọbìnrin wọn sì sọ fún mi pé wọn kì í lè gbé garawa omi mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìrora ni wọ́n ń fi ìbínú bò mọ́lẹ̀, kò sí ẹni tí wọn yóò sọ òtítọ́ fún nínú gbogbo wa bí kò ṣe ìwọ.

Ohun méjì ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Èkíní ni òrùka ṣaworo kékeré tí a ń fi sí ọ̀pá àárín hi-hat, lókè àwo òkè, tí ó máa ń dún bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ hi-hat. Ohùn rẹ̀ kéré, ọwọ́ kò sì ní kàn án rárá. Mo gbà pé ó bá ìjọ wa mu ju òṣùpá ike yìí lọ. Yóò fi ìwúwo díẹ̀ kún àwo òkè, ṣùgbọ́n n óò mú sípíríǹgì ẹsẹ̀ rẹ̀ le sí i. Jọ̀wọ́, yan èyí tí ṣaworo rẹ̀ jẹ́ idẹ, kí o sì wò ó dáadáa pé ó lè di ọ̀pá 6 mm mú. Bí o bá rí ẹni tí ń bọ̀ wálé fún Kérésìmesì, fi rán an, n óò sì fi owó rẹ̀ ránṣẹ́.

Èkejì ni kí o pe Màmá ní alẹ́ Sátidé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ti ọjà dé, tí wọ́n sì ti jẹun. Kọ́kọ́ béèrè èjìká, kí o má tètè dárúkọ támbórìn. Bí wọ́n bá ní ó ń dùn wọ́n, sọ fún mi, kí èmi àti ọmọbìnrin wọn mú wọn lọ sí ọsibítù, kí ọ̀gá akọrin sì fi orin ìdúpẹ́ nìkan sílẹ̀ fún wọn títí ara wọn yóò fi yá. Bí wọ́n bá ní kò dùn wọ́n, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá sí ìgbáradì Ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù, ni n óò gbé àga wọn sí, kí n lè máa wo ọwọ́ wọn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàní.