Ẹ Jẹ́ Kó Tún Béèrè: Lẹ́tà Sí Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Gbin Tòmátì Sínú Àpò l'Ábùjá

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ooru. Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ni, mi ò fẹ́ fi fóìsì nóòtì ṣe é, torí fóìsì nóòtì màmá yín kì í tán bọ̀rọ̀, ẹ sì máa ń fò ó. Mo mọ̀.

Ní alẹ́ Ọjọ́rú tó kọjá, ọmọbìnrin kan tí kò tíì lò tó ọ̀sẹ̀ kan láàárín wa fi àwòrán tòmátì mẹ́ta sínú gúrúùpù tí a ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀ ọ̀gbìn lórí fóònù. Ìdí tòmátì náà ti dúdú, ó sì jìn wọnú bí ẹ̀kọ tí ènìyàn fi àtàǹpàkò tẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló ń ṣe tòmátì mi?" Kí n tó rí awò ojú mi, ẹni mẹ́rin ti dá a lóhùn. Ẹnì kan fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́. Ẹnì kejì ní, "Òun náà tún rèé." Ẹnì kẹta ní kó lọ ka òkè, ìyẹn ìdáhùn tí ẹ kó jọ sókè gúrúùpù. Ẹnì kẹrin ní ìbéèrè yìí ti sú òun, bẹ́ẹ̀ èmi mọ̀ dájú pé ohun kan náà lòun fúnra rẹ̀ bi mí ní ọdún tó kọjá. Ìka kan ni mo fi ń tẹ fóònù. Nígbà tí màá fi tẹ ìdáhùn tèmi tán, ọmọ náà ti pa ìbéèrè rẹ̀ rẹ́. Ìdáhùn yín nìkan ló ṣẹ́ kù síbẹ̀, àfi bí ẹni mẹ́rin tó ń bá afẹ́fẹ́ jà.

Mi ò wá bá yín jà. Ọ̀rọ̀ àsọtúnsọ a máa sú ènìyàn, ó ń sú èmi náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò ni pé ìbéèrè tí ẹ ń pè ní ọ̀kan náà yẹn, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ọdún 1992 ni iṣẹ́ ìjọba gbé mi dé Àbùjá, nígbà tí kò tíì ju oṣù mélòó kan lọ tí wọ́n kó olú-ìlú kúrò l'Ékòó. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Mo rò pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ mi nípa ata rodo. Mo gbìn ín sẹ́yìnkùlé wa ní Karu, ó yọ òdòdó rẹpẹtẹ, gbogbo òdòdó náà sì já sílẹ̀. Mallam kan wà létí odò nítòsí wa tó ń ṣe lambu, ìyẹn oko tí wọ́n ń bomi rin lẹ́ẹ̀rùn. Mo lọ bi í. Ó ní, "Bazara ne, Hajiya." Mo ti sọ fún un tó ìgbà mẹ́wàá pé ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni mí, Hajiya náà ló ń pè mí títí a fi kó kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo tún lọ bi í, mo tún lọ lọ́jọ́ kẹta, torí mi ò gbà á gbọ́. Kò fìgbà kan sọ pé òun ti sọ ọ́. Á fi ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á mú mi dé ìdí ata tirẹ̀, á ní kí n ka òdòdó tó wà nílẹ̀. Ata tirẹ̀ náà ń já!

Ohun tó ń sọ rèé. Àwa Yorùbá, ẹ̀ẹ̀rùn ni gbogbo rẹ̀ lẹ́nu wa, àfi tá a bá ń dárúkọ ọyẹ́. Ṣùgbọ́n Haúsá ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún ooru tó ń dé lẹ́yìn ọyẹ́, kí àkọ́rọ̀ òjò tó rọ̀: òun ni bazara. Lóṣù kẹta, ooru ọ̀sán níbí a máa kọjá 35 lórí ìwọ̀n Celsius, ilẹ̀ á ṣú, ara ò sì ní tutù. Àtíkè inú òdòdó tòmátì àti ti ata, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú tó ń sọ òdòdó di èso, kì í lè ṣiṣẹ́ nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, òdòdó tí kò bá sì rí àtíkè gidi gbà, jíjá ló ń já. Kò sí ajílẹ̀ tó lè dá a dúró. Ìbòji díẹ̀ lọ́sàn-án, omi láàárọ̀ kùtù, ó di ìgbà tí òjò bá dé.

Ṣé ẹ wá rí i? Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìdí tí òdòdó fi ń já nítorí ooru ní oṣù kẹjọ. Oṣù kẹta ni gbogbo wọn ń béèrè, torí oṣù kẹta ló ń já. Ìgbà ló ń béèrè, ẹnu àwọn ọmọ wọ̀nyí ló kàn yá lò. Ọmọ mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà sọ fún mi pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan nirú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Láti ọdún 1980 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Usenet tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Lọ́dọọdún, tí oṣù kẹsàn-án bá dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì á ya wọ ibẹ̀, wọ́n á béèrè ohun tí àwọn tèṣí béèrè, àwọn àgbà ibẹ̀ á kùn, wọ́n á kọ́ wọn, ara á wá rọ̀. Nígbà tó di 1993, tí àwọn tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé, àlejò ò dáwọ́ dúró mọ́. Ni wọ́n bá ní oṣù kẹsàn-án tí kò lópin ló bẹ̀rẹ̀ yẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní bazara tiwọn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá ro ẹjọ́ ara mi. Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí. Ìyá kan ní Gwagwalada kọ ọ́ sínú gúrúùpù wa pé, "Màmá, tòmátì mi ń rọ lọ́sàn-án." Ẹni mẹ́fà ti bi mí bẹ́ẹ̀ lóṣù yẹn, àìrómi-mu ló sì ń ṣe tòmátì gbogbo wọn. Mi ò ṣí àwòrán tó fi ránṣẹ́ wò. Mo tẹ̀ ẹ́ pé, "Omi ni. A ti sọ ọ́." Mo bá tèmi lọ.

Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ó ń bomi rin ín láàárọ̀, ó ń bomi rin ín nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ kẹsàn-án ló tó tún fi àwòrán mìíràn ránṣẹ́: nínú ogún àpò, méjìlá ti kú. Wọ́n kú lóòró ni o, ewé wọn ò pọ́n, kò gbẹ, ó kàn sorí kọ́ ní tútù. Ara mi bù máṣọ. Mo wọ ọkọ̀, mo lọ bá a nílé.

Mo ní kó bá mi wá ife tó mọ́ gaara, kó bu omi sí i. Mo gé igi tòmátì kan nítòsí ilẹ̀, mo ki ojú ibi tí mo gé bọ inú omi náà, mo sì dì í mú kó má mì. Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀, a ń wò ó. Kò pẹ́ rárá tí okùn funfun kan, tó tín-ín-rín ju òwú ìránṣọ lọ, fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti ojú igi yẹn, bí ìgbà tí wàrà ń kán sínú omi. Kòkòrò àìfojúrí ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti dí ọ̀nà omi inú igi pa. Tòmátì náà ń kú òùngbẹ nínú omi, omi tí mo sì ní kó máa bù sí i ló ń ṣàn láti ìdí àpò kan dé ìdí òmíràn, tó ń bá wọn gbé àrùn kiri. Ibi tí wọ́n ti gbin ikàn rí ló ti wa ilẹ̀ tó kó sínú àpò. Ọ̀tá kan náà ló ń bá ikàn, ata, tòmátì àti ànàmọ́ òyìnbó jà, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò ní oògùn. A hú gbogbo rẹ̀, a sun ún, mo ní kó da ilẹ̀ náà sí ibi tó ń gbin àgbàdo sí.

Kò bú mi. Ohun tó sọ ni pé, "Màmá, ẹ ní ẹ ti sọ ọ́, ni mo ṣe rò pé mi ò gbọdọ̀ tún béèrè."

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá gbà á sílẹ̀: "Tó bá di alẹ́, tí ilẹ̀ inú àpò sì tutù, ṣé ó ń jí padà?" Èyí tí òùngbẹ ń gbẹ á jí tó bá rómi mu. Èyí tí àrùn mú lè kọ́kọ́ jí lálẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì, lẹ́yìn ìyẹn, ó parí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n, kí ẹ tó sọ pé a ti sọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi oníbéèrè ní ìbéèrè kan. Ẹyọ kan péré.

Ìwé ìdáhùn tí ẹ kó jọ sókè gúrúùpù, iṣẹ́ ńlá ni, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá bi yín lọ́nà ọjà Wuse, ṣé ẹ máa ń sọ fún un pé, "Àbùjá ló wà"? "Lọ ka òkè" ò yàtọ̀ sí i. Ẹ fa ibi tó yẹ kó kà yọ fún un, kí ẹ fi gbólóhùn kan tì í: "Ìdí dúdú yẹn, omi tó ń wá tó ń lọ ló fà á, tí kálísíọ̀mù ò fi dé ìdí èso. Ka ibí yìí." Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè, ẹ má rò pé mo ti dá yín láre. Ẹ̀yin tí ẹ ń ya àwòrán ewé lóru pẹ̀lú iná fóònù, tí gbogbo ewé sì ń dán bí àwo! Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé "tòmátì mi ò dáa, ẹ gbà mí o," tí ẹ ò sọ bó ṣe dàgbà tó, irú ilẹ̀ tó wà nínú àpò, tàbí ohun tí ẹ ti fín sí i. Ẹ yà á lójúmọmọ, ẹ yí ẹ̀yìn ewé sókè, torí ẹ̀yìn ewé ni kòkòrò ń sá sí. Ẹ kọ́kọ́ wá a nínú gúrúùpù. Tí ẹ bá wá kọ ọ́ pé, "Mo rí ohun tí ẹ sọ nípa omi, mo ti ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò yí padà," kódà àwọn àgbà tí kì í sọ̀rọ̀ á dìde jókòó. Ẹ má tọ̀ mí wá ní ìkọ̀kọ̀ láago mọ́kànlá òru. Tí ó bá sì sàn, ẹ padà wá wí. Ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ti oníbéèrè tó gba ìdáhùn tó pòórá dùn mí jùyẹn lọ, torí a ò wá mọ̀ bóyá òótọ́ la sọ.

Ohun kan tún kù. Ẹ rántí 2016, nígbà tí tòmátì di góòlù. Tuta absoluta ni, kòkòrò tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, tó ti dé Sípéènì ní 2006. Ó jẹ oko àwọn ará Kàdúná run débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde ọ̀ràn pàjáwìrì lórí tòmátì lóṣù karùn-ún ọdún yẹn. Ebola tòmátì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i, ohun tó máa béèrè ò lè ju pé, "Kí ló ń ya ilà sínú ewé mi?" Ìbéèrè àtijọ́ ni, a sì ní ìdáhùn àtijọ́ fún un, ti kòkòrò kékeré tó ń ya ilà tẹ́ẹ́rẹ́ wínníwínní bí ipa ejò, tí kì í sábà pa igi. Ti Tuta máa ń fẹ̀, bí ibi tí omi gbígbóná jó. Bí ẹni márùn-ún bá béèrè ohun kan náà lọ́sẹ̀ kan, ẹ má kùn. Ẹ bi wọ́n ní àdúgbò wọn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ti pe ọmọbìnrin Ọjọ́rú yẹn. Lugbe ló ń gbé, Garki ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń jáde kílẹ̀ tó mọ́, ó ń wọlé lẹ́yìn tílẹ̀ ti ṣú, Sátidé nìkan ló ń ráyè bomi rin nǹkan. Omi náà ni ìdáhùn, òótọ́ lẹ kọ sókè gúrúùpù. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé omi ni. Bí yóò ṣe máa bomi rin ín nígbà tí kò sí nílé ló ń wá. Mo ní kó wá ike omi, kó fi abẹ́rẹ́ lu ọmọrí rẹ̀, kó pọn omi kún un, kó dojú rẹ̀ dé sínú àpò. Ó ní òun á padà wá sáàárín wa. Kí n má rí àwòrán ẹ̀rín kankan o.

Irúgbìn ewédú wà lọ́wọ́ mi fún ẹni tó bá fẹ́. Kó mú ìgò tirẹ̀ dání. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń dì í sínú aṣọ, kí wọ́n rì í bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó lè hù, kó bi mí. Ẹni mẹ́rin ti bi mí lọ́sẹ̀ yìí, ẹnì karùn-ún ò ní pa mí.

Èmi ni,
Màmá yín ní Kubwa