Adùnní, má fi ojú yẹn dọ̀la

Adùnní ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo kí àwọn ọmọ náà. Mo ti ń pè ọ́ láti àárọ̀, fóònù rẹ ò wọlé, ni mo bá ní kí n kọ èyí ránṣẹ́ kó lè bá ọ kó o tó jáde nílé.

O ní ojú rẹ òsì ṣàdédé ṣókùnkùn lánàá, bí ìgbà téèyàn fa kọ́tìnì bo fèrèsé, pé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ó tún là, kò dùn ọ́ rárá, o sì ń bá iṣẹ́ rẹ lọ. O ní bóyá àárẹ̀ ni. Adùnní, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má kà á sí àárẹ̀.

Ohun tó ṣe Bùọ̀dá Káyọ̀dé ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Wọ́n jí lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń nu ojú ọ̀tún ni wọ́n rí i pé ojú òsì nìkan ò ríran dáadáa. Wọ́n ń rí etí agogo ara ògiri yíká, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ tó wà láàárín ò sí níbẹ̀ mọ́. Ojú ò pọ́n, kò ta wọ́n, omi ò jáde lára ẹ̀. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò ní Àpólò ni, ó fún wọn ní oògùn tí wọ́n á máa kán sí i, bẹ́ẹ̀ Àpólò máa ń pọ́n, ó sì máa ń yún ni. Ó lé lọ́sẹ̀ kan kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ló wọ̀n ọ́n, torí ohun tó rí bà á lẹ́rù. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìgbà tí orí bá ń fọ́ wọn nìkan ni wọ́n ń lo oògùn rẹ̀.

Dókítà ya fọ́tò ẹ̀yìn ojú, ó fi hàn wá. Ẹ̀jẹ̀ ti ta káàkiri ibẹ̀. Ó ní iṣan kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ ẹ̀yìn ojú, òmíràn ń gbé e jáde, ojú ọ̀nà tóóró kan náà sì ni méjèèjì ń gbà. Tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti mú kí èyí tó ń gbé e wọlé le, ó lè tẹ èkejì mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á fà, á dì síbẹ̀. Èyí tí ò ríbi jáde á wá máa jò sẹ́yìn ojú, àárín ibẹ̀ á wú.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún sínú ojú fún un, Avastin, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún àrùn jẹjẹrẹ. Mo wà níbẹ̀. Wọ́n kán oògùn tó ń mú ojú kú tipiri, wọ́n fi áyódíìnì fọ̀ ọ́, wọ́n fi irin kékeré kan la ìpéǹpéjú kó má baà pa dé, wọ́n ní kí Bùọ̀dá wo òkè, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín náà sì gba ibi funfun ojú wọlé. Ó yá ju bí a ṣe rò lọ. Áyódíìnì yẹn ló ta wọ́n mọ́jú. Báyìí wọ́n ti ń rí nọ́ńbà ńlá ara kàlẹ́ńdà, àmọ́ wọn ò tíì lè fi ojú yẹn ka Bíbélì.

Tìrẹ jọ ti iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ ẹ̀yìn ojú. Ẹ̀jẹ̀ dídì tàbí ọ̀rá lè já láti iṣan ọrùn tàbí láti inú ọkàn kó lọ dí i. Tó bá ṣí kúrò, ojú á là. Tó bá dúró níbẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, ojú yẹn lè má là mọ́. Láti 1859 ni Albrecht von Graefe, dókítà ará Jámánì, ti kọ nípa rẹ̀, síbẹ̀ títí di òní kò tíì sí oògùn tó dájú fún un. Èyí tó tún ń já mi láyà ni pé ọpọlọ ni òmíràn tó bá já lè gbà lọ, kó di rọpárọsẹ̀.

Torí náà, lónìí yìí, lọ sí Moorfields, ilé ìwòsàn ojú tó wà ní City Road ní London, wọ́n ní ẹ̀ka pàjáwìrì fún ojú níbẹ̀. Tí ibẹ̀ bá jìnnà sí ọ, lọ sí A&E, ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn, tó sún mọ́ ọ. Sọ fún wọn pé ó ṣókùnkùn, ó sì tún là, má sọ pé ó ti lọ. Ní kí wọ́n wo ọrùn àti ọkàn rẹ, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà rẹ. Má wakọ̀ fúnra rẹ, oògùn tí wọ́n á kán sí ọ lójú kò ní jẹ́ kó o ríran dáadáa fún wákàtí díẹ̀. Tí ẹnu rẹ bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan bá rọ, tàbí ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu rẹ mọ́, kí bàbá àwọn ọmọ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, lójú ẹsẹ̀.

Tó o bá ti débẹ̀, pè mí, kódà kó jẹ́ òru.

Èmi ni tìrẹ,
Bọ́sẹ̀dé